Lucio Luzzatto: Oníṣègùn ará Ítálì tí ó fi ọdún mẹ́wàá wádìí ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn

Ní ọjà Ọ̀wọ́dé ní Ọ̀fà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ọjà yòókù káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro rárá láti rí káńfọ̀ rà. Hóró funfun roboto náà kò wọ́n, òórùn rẹ̀ a sì máa lé aáyán àti kòkòrò kúrò nínú àpótí aṣọ. Ìyá tí ó bá ń retí ọmọ a kó aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti lò jáde, aṣọ tí ó ti wà láàárín káńfọ̀ láti bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a sì fi wé ọmọ tuntun. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn kan, ojú ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ a yí padà, kò ní lè fa ọmú dáadáa mọ́. Bí wọn kò bá tètè gbé e dé ilé-ìwòsàn, ibà apọ́njú náà lè wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tí ó bá bọ́ nínú rẹ̀ lè di adití, tàbí kí ó dàgbà láìlè dá jókòó.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í sì í ṣe àìmọ́tótó ìyá. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ láàárín ọmọ kan àti èkejì ni ẹ́ńsáìmù kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní G6PD. Ó wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ àwọn èròjà apanirun tí ọ́síjìn máa ń bí sínú ara. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní àgbáyé, ó ṣòro láti rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn tó ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ìbàdàn ni ó sì ti ṣe èyí tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ náà, láàárín ọdún 1964 sí 1974.

Ìlú Genoa ni wọ́n ti bí Luzzatto ní ọdún 1936. Ibẹ̀ náà ni ó ti gboyè oníṣègùn ní ọdún 1959, kí ó tó lọ kọ́ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀ ní Pavia, kí ó sì tó rékọjá sí Yunifásítì Columbia ní New York. Kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn. Ní àkókò náà, ilé-ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ń fa àwọn oníwàádìí láti òkè òkun mọ́ra, Yunifásítì Ìbàdàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lọ́wọ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó padà sí ìlú wọn. Luzzatto ní tirẹ̀ lo ọdún mẹ́wàá gbáko. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí nígbà tí ó wà níbẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè yé ènìyàn, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé e. Afẹ́fẹ́ tí ń gbé ẹ̀mí ró yìí náà ni ó ń mú irin dógùn-ún. Bí ara ti ń lò ó láti sọ oúnjẹ di agbára, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa já sí àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní fíríì rádíkà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nǹkan, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa wà ní méjì-méjì; ti fíríì rádíkà kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú tirẹ̀ kò ní ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ ohunkóhun tí ó bá fara kàn, ìbáà ṣe ọ̀rá, ìbáà ṣe purotéènì, ìbáà ṣe jíìnì. Èyí tí wọ́n já tirẹ̀ gbà náà a di aláìní, òun pẹ̀lú a tún lọ gba ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìbàjẹ́ náà yóò ṣe máa ràn bí iná inú pápá.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè wà nínú ara alààyè. Ohun tí ó yanjú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí Irwin Fridovich àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Joe McCord, gbé jáde ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Wọ́n fi hàn pé purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa fíríì rádíkà kan tí ń jẹ́ superoxide. Purotéènì náà kì í ṣe àjèjì rárá: láti ọdún 1938 ni Mann àti Keilin ti yọ ọ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Fridovich àti McCord fún un ní orúkọ tuntun, superoxide dismutase. Bí ara bá ń kó ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ de olè, a jẹ́ pé olè náà wà lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ nípa àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń gbógun ti fíríì rádíkà ti di ẹ̀ka ńlá nínú sáyẹ́ǹsì. Fridovich kú ní ọdún 2019, ní ẹni 90 ọdún.

Ọdún 1969 yìí kan náà ni ìwé tí ó gbé orúkọ Ìbàdàn dé ibi gbogbo nípa ọ̀rọ̀ G6PD jáde. Wọn kò jọ ṣiṣẹ́, wọn kò sì sí ní ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjì odi kan náà ni wọ́n ń mọ.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ewu ọ́síjìn pọ̀ fún jù. Òun ni ó ń ru ọ́síjìn káàkiri ara, kò lè sá fún un. Irin wà nínú hẹmóglóbì rẹ̀. Kò ní núkílọ́ọ̀sì mọ́, nítorí náà kò lè ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun. Èyí tí ó dì sẹ́rù ní ọjọ́ tí ó kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun ni yóò máa lò títí tí yóò fi lo nǹkan bí 120 ọjọ́ rẹ̀ tán. Ohun ìjà tí ó fọkàn tán jù ni èròjà kan tí ń jẹ́ glutathione. Bí glutathione bá ti bá èròjà apanirun jà tán, agbára rẹ̀ a tán, ó sì gbọ́dọ̀ gba agbára mìíràn kí ó tó lè tún jà. NADPH ni ó ń fún un ní agbára náà. G6PD ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ń yọ NADPH jáde láti inú ṣúgà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà rí i. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní.

Ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó kì í mọ̀ ní ọjọ́ gbogbo. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣiṣẹ́ oko, ó ń bímọ. Ọjọ́ tí ohun kan bá wọ inú ara rẹ̀ tí ó mú kí èròjà apanirun pọ̀ lójijì ni àìtó náà yóò tó hàn. Ohun náà lè jẹ́ àìsàn líle, ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ èròjà naphthalene tí wọ́n fi ń ṣe káńfọ̀ inú aṣọ. Glutathione a tán, hẹmóglóbì a bàjẹ́, a sì dì mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì nínú, sẹ́ẹ̀lì a fọ́. Bí àgbàlagbà ni, ìtọ̀ rẹ̀ a dúdú bí omi ìṣápá, àárẹ̀ a mú un. Bí ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tí ì gbó tó láti palẹ̀ èròjà pupa rúsúrúsú tí ń jẹ́ bilirúbíìnì mọ́, ibẹ̀ ni ibà apọ́njú ti ń wá. Irú àìtó tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní A−, a máa ṣojú àánú díẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti dàgbà ni ó máa ń fọ́ jù, nítorí pé G6PD inú wọn ti gbó, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sì ń dúró.

Kì í ṣe Luzzatto ni ó kọ́kọ́ rí àìtó yìí. Oògùn ibà kan tí ń jẹ́ primaquine ni ó tú u síta. Àwọn oníwàádìí láti Chicago ń dán an wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville, ìpínlẹ̀ Illinois. (Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lára ẹni tí ó wà ní àhámọ́, tí kò sì ní òmìnira láti kọ̀ tó ẹlòmíràn, kò bójú mu lóde òní.) Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú a máa fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá lo oògùn náà. Ní ọdún 1956, Carson, Alving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde pé G6PD ni kò tó nínú sẹ́ẹ̀lì wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1961, Herbert Gilles àti Taylor ti tẹ ìwé jáde pé àìtó náà wà ní Nàìjíríà, àti pé ó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ ìwòsàn. Ìwádìí lẹ́yìn náà fi hàn pé nínú àwọn ọkùnrin Yorùbá, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó ní in.

Ẹnì kan nínú márùn-ún! Irú iye bẹ́ẹ̀ kì í déédéé wáyé. Bí ohun kan bá ń ṣe ènìyàn léṣe láti ìran dé ìran, ó yẹ kí ó máa dín kù ni. Àfi bí ó bá ní èrè kan tí ó ń mú wá ní ìkọ̀kọ̀. Ìbéèrè yìí ni Luzzatto bá ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dórí èyí, ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ bí ẹ́ńsáìmù náà ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Nínú iṣẹ́ yìí ni Adéyínká Afọláyan ti bá a ṣe, ẹni tí ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ohun alààyè ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní ọdún 1968, àwọn méjèèjì tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹ̀yà G6PD tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀. Méjì jẹ́ ẹ̀yà tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí rí. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Ijebu-Ode, wọ́n sì sọ èkejì ní Ita-Bale. Bí ó ti jẹ́ àṣà láti fi orúkọ ìlú sọ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ nìyẹn, orúkọ ilẹ̀ Yorùbá sì ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé láti ìgbà náà. Ní ọdún 1971, wọ́n tún gbé ìwé méjì jáde tí ó ṣàlàyé bí NADPH fúnra rẹ̀ ṣe ń dá G6PD lẹ́kun. Bí NADPH bá pọ̀, ẹ́ńsáìmù náà a dẹwọ́. Bí glutathione bá ná NADPH tán lójú ìjà, ẹ́ńsáìmù náà a jí, a sì múra síṣẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, díẹ̀ péré nínú agbára G6PD ni ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Èyí tí ó kù wà ní ìpamọ́ fún ọjọ́ ogun. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó kò ní ìpamọ́ yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ibà tí ẹ̀fọn ń kó. Láti ọdún 1949 ni J. B. S. Haldane ti dá a lábàá pé àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ kan lè wọ́pọ̀ nítorí pé wọ́n ń gba àwọn tí ó ní díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ibà. Ti fòníkú-fọ̀ladìde ti hàn ní àwọn ọdún 1950. Ní ti G6PD, àwọn onímọ̀ bí Allison àti Motulsky ti rí i ní nǹkan bí ọdún 1960 pé ibi tí ibà bá pọ̀ sí ni àìtó náà máa ń pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí nǹkan méjì wà ní ibì kan náà kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Bí oníwàádìí bá sì fi ẹni tí ó ní àìtó wé ẹni tí kò ní, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè da ìṣirò rú: oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, iye ìgbà tí ẹ̀fọn ti jẹ wọ́n, oògùn tí wọ́n ti lò, agbára ara oníkálukú.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ní Ìbàdàn láti borí ìṣòro yìí ni ó mú kí ìwádìí náà máa jẹ́ àpẹẹrẹ títí di òní. Jíìnì G6PD wà lórí krómósómù X. Ẹyọ kan ni ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti gbà á. Obìnrin ní méjì. Ní ọdún 1961, Mary Lyon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ó wà lára obìnrin, ọ̀kan nínú àwọn X méjèèjì a máa sùn, èkejì nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, èyí tí yóò sì sùn nínú sẹ́ẹ̀lì kan lè yàtọ̀ sí ti sẹ́ẹ̀lì kejì. Nítorí náà, bí obìnrin bá gba jíìnì tí ó dára láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tí ó sì gba èyí tí kò pé láti ọ̀dọ̀ òbí kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò rí bí aṣọ òfì tí wọ́n fi òwú aláró àti òwú funfun hun. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ní G6PD tó àti èyí tí kò ní tó a jọ máa ṣàn nínú iṣan kan náà.

Luzzatto, pẹ̀lú Essien Usanga àti Reddy, wá irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí dígí, wọ́n sì fi aró kan pa á tí yóò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tí ó ní ẹ́ńsáìmù tó yàtọ̀ sí èyí tí kò ní tó. Wọ́n wá jókòó ti ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré, wọ́n ń ka iye kòkòrò ibà tí ó wà nínú irú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Iṣẹ́ sùúrù ni. Èsì tí wọ́n rí ni pé kòkòrò ibà wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ní G6PD tó ní ìlọ́po 2 sí ìlọ́po 80 ju èyí tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní tó lọ. Ẹni kan náà ni ó ni ẹ̀jẹ̀ náà. Oúnjẹ kan náà ni ó ń jẹ, ẹ̀fọn kan náà ni ó jẹ ẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó fa ìyàtọ̀ bí kò ṣe ẹ́ńsáìmù náà. Ìwé ìròyìn Science ni ó gbé e jáde ní ọdún 1969.

Àlàyé rẹ̀ padà sórí fíríì rádíkà. Kòkòrò ibà a máa jẹ hẹmóglóbì, bí ó sì ti ń jẹ ẹ́ ni ó ń tú àwọn èròjà apanirun sílẹ̀ nínú ilé tí ó wọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ tó lè fara da á. Èyí tí kò tó a bàjẹ́ kíákíá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú ara a sì gbé e mì tòun ti kòkòrò inú rẹ̀ kí ó tó pọ̀ sí i. Àìlera ilé ni ó pa olè.

Ní ọdún 1972, Ulrich Bienzle, Ayeni, Adétòkunbọ̀ Lucas àti Luzzatto tún kọ̀wé nínú Lancet lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọdé. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ àdàpọ̀ ni ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára wọn. Lucas yìí ni gbajúmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ìlera gbogbo ènìyàn tí ó padà lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó sì kú ní ọdún 2020. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gáḿbíà àti Kẹ́ńyà, tí ó jáde ní ọdún 1995, sọ pé ààbò náà kan àwọn ọkùnrin tí ó ní àìtó pẹ̀lú. Òmíràn tí ó tóbi gan-an, tí ó jáde ní ọdún 2017, sọ pé ọ̀rọ̀ náà lójú pọ̀: bí àìtó G6PD bá ti pọ̀ tó ni ewu ibà tí ń wọ ọpọlọ ń dín kù tó, ṣùgbọ́n ewu àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ibà ń fà ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí àwọn kan ń ka kòkòrò lórí dígí, àwọn oníṣègùn ọmọdé ń bá ìṣòro tí ó wà lójú ọ̀nà wọn lójoojúmọ́ jà. Ní ọdún 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti tẹ ìwádìí jáde lórí ewu ibà apọ́njú fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó tí wọ́n sì ń fi nǹkan tí ó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí wọn lára. Ransome-Kuti yìí náà ni ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985. Ní ọdún 1985 yẹn, Familusi àti Dawodu gbé ìwádìí tiwọn jáde lórí ibà apọ́njú àwọn ọmọ tuntun àti àwọn oògùn àti kẹ́míkà tí wọ́n ń lò nínú ilé ní Nàìjíríà. Káńfọ̀ inú aṣọ àti páúdà tàbí ìpara tí ń mú ara tutù wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn ọmọdé ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ṣeni láàánú pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kan náà ni àwọn ìyá fi ń ṣìkẹ́ ọmọ.

Ìtọ́jú ibà apọ́njú ni iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń tan sára ọmọ, bí ó bá sì le jù, wọn a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Iná mànàmáná kì í sì í dúró. Ìdí nìyí tí Tina Slusher, Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi gbìyànjú láti lo oòrùn lábẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, ọ̀rá tí ń dá ìtànṣán búburú àti ooru dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwòsàn kan ní Èkó, lára àwọn ọmọ 447, jáde ní ọdún 2015. Àgọ́ oòrùn náà kò rẹ̀yìn sí ti iná mànàmáná. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ọ̀fà. Kí ìyá kàn gbé ọmọ sínú oòrùn òwúrọ̀ lójúde kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí: nínú ìwádìí náà, wọ́n ń wọn bí ara ọmọ ti gbóná tó, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Luzzatto kúrò ní Ìbàdàn ní ọdún 1974, ó sì gba Naples lọ. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yọ jíìnì G6PD ti ènìyàn sọ́tọ̀ ní ọdún 1981. Ọdún yẹn náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ìwòsàn Hammersmith, níbi tí wọ́n ti rí i ní ọdún 1988 pé àyípadà kékeré ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan nínú jíìnì náà ni ó ń fa oríṣiríṣi àìtó. Òun àti Usanga kò já ara wọn sílẹ̀: ní ọdún 1985, àwọn méjèèjì fi hàn nínú Nature pé bí kòkòrò ibà bá pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó, kòkòrò náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe G6PD tirẹ̀. Láti ọdún 1994, ó wà ní ilé-ìwòsàn Memorial Sloan-Kettering ní New York. Ó ṣe iṣẹ́ tí ó ní láárí lórí àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jẹ mọ́ ti èyí.

Ọdún 1995 ni ẹ̀rí tí ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé. Pandolfi, Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pa jíìnì G6PD run pátápátá nínú sẹ́ẹ̀lì eku. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ti máa ń sọ pé iṣẹ́ méjì ni ẹ́ńsáìmù náà ń ṣe: ó ń bá wọn pèsè irú ṣúgà tí wọ́n fi ń ṣe jíìnì, ó sì ń pèsè ohun ìjà lòdì sí èròjà apanirun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Wọ́n rí ṣúgà tí wọ́n nílò láti ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi èròjà apanirun díẹ̀ kàn wọ́n, wọn a kú bẹẹrẹ. Ó wá hàn kedere pé ìdáàbòbò ni olórí iṣẹ́ G6PD.

Ohun tí ó yẹ kí ó ti jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń ṣe oògùn ni èyí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Lapdap ṣẹlẹ̀. Lapdap ni oògùn ibà tí wọ́n pò láti inú chlorproguanil àti dapsone, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní ọdún 2003 pé yóò wúlò fún Áfíríkà nítorí kò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé dapsone a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó. Áfíríkà, ibi tí àìtó náà ti pọ̀, ni wọ́n sì ṣe oògùn náà fún. Nígbà tí àyẹ̀wò tí ó gbòòrò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ń lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n kó o kúrò lórí igbá ní ọdún 2008. Luzzatto kọ àròkọ tí ó gún régé nípa rẹ̀ nínú Lancet ní ọdún 2010.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn tí wọ́n bá ka ìwé òyìnbó nípa àìtó yìí. Ìwé náà a ní kí wọ́n má ṣe jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà fava ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n ń jẹ ní Ítálì, Gíríìsì, Íjíbítì àti àgbègbè wọn. Èròjà méjì kan, vicine àti convicine, ni ó wà nínú rẹ̀ tí ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní wọn. Kò sí ìdí tí ọmọ Ọ̀fà yóò fi tìtorí G6PD kọ àkàrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ “áńtíọ́sídáǹtì” tí ó ti gba orí rédíò kan. Kò sí àgbo inú ìgò tàbí kóró oògùn kan tí kò ní in lórí ìpolówó mọ́. Ẹ̀fọ́, èso àti ọ̀dùnkún, tí ilẹ̀ Ọ̀fà mọ̀ ọ́n gbìn dáadáa, dára fún jíjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá 29,133 ní Finland ní kóró beta-carotene àti fítámì E láti mọ̀ bóyá yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, èsì tí ó jáde ní ọdún 1994 fi hàn pé jẹjẹrẹ náà tilẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n fún ní beta-carotene. Ẹ̀ṣọ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dì sínú ike tà.

Luzzatto padà sí Ítálì ní ọdún 2000, ó ṣiṣẹ́ ní Genoa àti Florence. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ó tún gba Áfíríkà lọ, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Muhimbili ní Dar es Salaam, orílẹ̀-èdè Tanzania.

Àyẹ̀wò G6PD kò le. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti tó, wọn a pò ó mọ́ èròjà kan, wọn a fi ìmọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ wò ó. Bí ó bá tàn, ẹ́ńsáìmù náà wà, bí kò bá tàn, kò tó. Ní ọdún 1989, ìgbìmọ̀ kan ní Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò náà fún gbogbo ọmọ tuntun ní ilẹ̀ tí àìtó náà bá ti wà lára 3 sí 5 nínú 100 ọkùnrin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iye náà jẹ́ nǹkan bí 20.